Ogun Róòmù àti Carthage: àwọn ìbéèrè tí ẹ ń bi mí ṣáá, àti ìdáhùn wọn

Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá lórí ọ̀rọ̀ yìí, torí náà mo kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí kan. Gbogbo ọdún tí ẹ bá rí níbí, ṣáájú ìbí Jésù ni, àfi èyí tí mo bá dìídì sọ pé ayé ìsinsìnyí ni. Ẹ rántí pé ńṣe ni wọ́n ń kà á wálẹ̀, 264 ló kọ́kọ́ wá kí 241 tó dé.

Kí gan-an ni wọ́n ń pè ní Ogun Punic?

Ogun mẹ́ta ni, láàrin ìlú Róòmù àti ìlú Carthage. Àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 264, ó parí ní 241. Ìkejì, 218 sí 201. Ìkẹta, 149 sí 146. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọdún 118 ni, àmọ́ ọdún tí wọ́n fi doju ìjà kọra wọn ní tààràtà ò ju bíi 43 lọ, ìyókù jẹ́ àlàáfíà orí ahọ́n, tí oníkálukú ń ṣọ́ ẹnì kejì.

Ẹni tó jà nínú ti àkọ́kọ́ lè bí ọmọ tó máa jà nínú ìkejì, kí ọmọ ọmọ ẹ̀ wá rí ìkẹta. Bó ṣe pẹ́ tó nìyẹn.

Kí ló dé tó fi ń jẹ́ "Punic"?

Torí àwọn ará Róòmù ló sọ ọ́ lórúkọ. Poeni ni wọ́n ń pe àwọn ará Carthage lédè Látìn, látinú orúkọ àwọn Fòníṣíà tí í ṣe orírun wọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ó máa wúlò nísàlẹ̀: ẹni tó ṣẹ́gun ló sọ ogun yẹn lórúkọ, òun náà ló sì sọ ìtàn ẹ̀ fún wa.

Ibo ni Carthage wà? Ṣé ní Áfíríkà ni lóòótọ́?

Áfíríkà ni o. Tùnísíà ló wà lónìí, ní etí òkun, ẹ̀gbẹ́ ìlú Tunis báyìí. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó wá láti Tírè, Tírè inú Bíbélì yẹn gan-an, tó wà ní Lẹ́bánónì. Ìtàn wọn sọ pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Elissa, tí àwọn míì mọ̀ sí Dido, ló kó wọn sá wá ní 814 nígbà tí arákùnrin ẹ̀ tó wà lórí oyè pa ọkọ ẹ̀. Qart Hadasht ni wọ́n pe ìlú náà lédè wọn, ìyẹn Ìlú Tuntun.

Òwò orí omi ni wọ́n fi di ńlá. Wọ́n ní èbúté méjì tó so mọ́ra, ọ̀kan fún ọkọ̀ ọjà, èkejì rí roboto, inú ẹ̀ ni ọkọ̀ ogun ń gbé, wọ́n ní ó gba ọkọ̀ 220. Wọn ò ní ọba láyé ogun yìí, adájọ́ àgbà méjì ni wọ́n ń yàn lọ́dọọdún, sufet lorúkọ oyè yẹn, ọ̀rọ̀ kan náà ni pẹ̀lú orúkọ tí ìwé Àwọn Onídàájọ́ ń jẹ́ lédè Hébérù. Àwọn tó ń rò pé ìlú aláìlófin kan lásán ni Róòmù lọ là lójú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé èrò yẹn sílẹ̀.

Róòmù ìgbà yẹn ńkọ́, ṣé ó ti di ìjọba ńlá?

Rárá o. Ní 264, Ítálì nìkan ni wọ́n ní lábẹ́, wọn ò tíì gba orí omi kọjá lọ jagun rí. Èèyàn ni agbára wọn. Ìlú tí wọ́n bá ṣẹ́gun ní Ítálì, owó orí kọ́ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn, ṣọ́jà ni. Polybius, ará Gíríìsì tó kọ ìtàn ogun yìí, ní nígbà tí wọ́n kàwọn tó lè gbé ohun ìjà ní 225, àti ará Róòmù àti àwọn tí wọ́n jọ ní àdéhùn, ó tó 700,000 tó ń fẹsẹ̀ rìn àti 70,000 tó ń gẹṣin. Carthage ní tiẹ̀, owó ló ní, owó yẹn ni wọ́n fi ń háyà ṣọ́jà alágbàṣe láti Sípéènì, Gaul (ilẹ̀ Faransé òde òní), Líbíà àti Numidia (apá Àlùjéríà òde òní).

Kí ló dá ìjà àkọ́kọ́ sílẹ̀?

Àwọn jàǹdùkú ni. Àwọn ṣọ́jà alágbàṣe kan láti Ítálì, tí wọ́n ń pera wọn ní Mamertini, gba ìlú Messana ní Sísílì, wọ́n pa àwọn ọkùnrin ibẹ̀, wọ́n sì fi ìyàwó wọn ṣaya. Nígbà tí Hiero, olórí Syracuse, wá ń lé wọn kiri, wọ́n ránṣẹ́ sí Carthage pé ẹ gbà wá, wọ́n tún ránṣẹ́ sí Róòmù pé ẹ gbà wá. Àwọn méjèèjì sì dáhùn. Carthage ló kọ́kọ́ débẹ̀.

Omi tó wà láàrin Messana àti Ítálì ò ju bíi kìlómítà mẹ́ta lọ, torí náà Róòmù ò fẹ́ kí Carthage jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn bẹ́ẹ̀. Sẹ́nétì, ìgbìmọ̀ àgbà Róòmù, gan-an ń ṣiyèméjì, wọ́n mọ̀ pé àwọn tí wọ́n fẹ́ lọ gbà yẹn ò yàtọ̀ sí olè, àmọ́ àwọn ará ìlú ti gbọ́ nípa ìkógun, wọ́n ní kí wọ́n lọ. Ọdún 23 ló gbà wọ́n kí wọ́n tó padà wálé dáadáa.

Báwo ni Róòmù tí ò mọ̀ nípa òkun ṣe wá lu àwọn ọlọ́kọ̀ lórí omi?

Wọ́n wo iṣẹ́ oníṣẹ́, wọ́n sì ṣe tiwọn. Polybius ní ọkọ̀ ogun Carthage kan ló gúnlẹ̀ sórí iyanrìn, àwọn ará Róòmù wọ́ ọ lọ, wọ́n wo bí wọ́n ṣe kàn án, wọ́n sì kan tiwọn bíi tiẹ̀. Ní 260, 100 ọkọ̀ ńlá àti 20 tó kéré sí i ni wọ́n kàn. Kí ọkọ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti to àga sórí ilẹ̀ gbígbẹ, wọ́n jókòó àwọn atukọ̀ síbẹ̀, wọ́n ń kọ́ wọn bí gbogbo wọn ṣe máa jọ fa àjẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fojú inú wo ìyẹn, àwọn àgbẹ̀ tó ń wakọ̀ lórí ilẹ̀.

Wọ́n wá ṣe afárá kan síwájú ọkọ̀, tó ní irin ṣóńṣó lábẹ́ bí ẹnu ẹyẹ, corvus lorúkọ ẹ̀, ìyẹn ẹyẹ ìwò. Bí ọkọ̀ wọn bá ti sún mọ́ tọ̀tá, wọ́n á já afárá yẹn lulẹ̀, irin á gún pákó ọkọ̀ kejì mọ́lẹ̀, ṣọ́jà á sáré kọjá. Bí ìjà omi ṣe di ìjà ilẹ̀ nìyẹn, ìjà ilẹ̀ sì ni wọ́n mọ̀ jà. Ohun tí Gaius Duilius fi borí ní Mylae lọ́dún yẹn náà nìyẹn.

Àmọ́ ẹ má rò pé ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ní 255 ìjì ká ọkọ̀ wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ Sísílì, nínú 364, 80 péré ló ṣẹ́kù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló bómi lọ. Wọ́n tún kàn míì, ìjì tún gbé ìyẹn náà. Nígbà tí ogun fi máa parí, ọkọ̀ bíi 700 ni Róòmù ti pàdánù, Carthage pàdánù bíi 500, síbẹ̀ Carthage ló túúbá. Àpò ìjọba Róòmù ti gbẹ, àwọn olówó ìlú ló wá dáwó láàrin ara wọn tí wọ́n fi kan ọkọ̀ bíi 200, òun ni wọ́n fi ja ìjà àjàkẹ́yìn ní erékùṣù Aegates ní March 241. Láyé ìsinsìnyí, àwọn awádìí ń hú irin idẹ tí ọkọ̀ yẹn fi ń kan ọ̀tá jáde nísàlẹ̀ òkun ibẹ̀, òmíràn ní èdè Látìn lára, òmíràn ní ti Carthage.

Tí ẹ bá ní kí n sọ ibi tí gbogbo ogun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti yanjú, ibẹ̀ yẹn ni màá na ọwọ́ sí, kì í ṣe Cannae, kì í ṣe Zama, àwọn ìjà tí ẹ máa rí nísàlẹ̀. Carthage ń ṣírò iye tí ogun ń ná wọn bí oníṣòwò ṣe máa ń ṣe, Róòmù ò ṣírò.

Ṣé òótọ́ ni ìtàn adìẹ yẹn?

Wọ́n ní ní 249, kí Publius Claudius Pulcher, ọ̀gágun Róòmù, tó kọjú ìjà sí Carthage ní Drepana, wọ́n fi oúnjẹ síwájú adìẹ mímọ́ tí wọ́n fi ń wo ọjọ́ ire, adìẹ ò jẹ, ó wá ní bí wọn ò bá jẹun kí wọ́n mumi, ó kó wọn jù sókun. Àwọn òǹkọ̀wé Róòmù ló sọ ọ́, Polybius ò dárúkọ adìẹ kankan, torí náà èmi ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ohun tó dájú ni pé ọkọ̀ 93 bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì gbé Claudius lọ sílé ẹjọ́ nígbà tó délé.

Kí ló ṣẹlẹ̀ láàrin ogun àkọ́kọ́ àti ìkejì?

Ọ̀rọ̀ owó. Róòmù ní kí Carthage san 3,200 tálẹ́ńtì láàrin ọdún mẹ́wàá, tálẹ́ńtì kan sì tó kílò 26 fàdákà, ẹ fi 26 lu 3,200 kí ẹ rí i. Àwọn ṣọ́jà alágbàṣe tó padà dé láti Sísílì ń bèèrè owó oṣù wọn, Carthage ń ná wọn bí ẹni ń ná ọjà, ni gbogbo ẹ̀ bá dàrú. Mathos àti Spendius ló ṣáájú wọn, àwọn ará abúlé Líbíà tí owó orí ti pa kú náà dara pọ̀, ogun abẹ́lé yẹn lé lọ́dún mẹ́ta, ìwà ìkà tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ.

Ibi tí Carthage ti ń pa iná ilé ẹ̀ lọ́wọ́ ni Róòmù ti gba Sardinia ní 238, wọ́n tún ní kí wọ́n fi 1,200 tálẹ́ńtì lé owó ìtanràn yẹn. Polybius tó fẹ́ràn Róòmù gan-an sọ pé wọn ò ní ẹ̀tọ́ kankan láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ìdí ogun kejì, kó má lọ jìnnà.

Ta ni Hannibal, kí sì ni ìbúra tí wọ́n ń sọ yẹn?

Ọmọ Hamilcar Barca ni, ọ̀gágun tí Róòmù ò lè lé kúrò ní Sísílì títí ogun àkọ́kọ́ fi parí. Orúkọ ọlọ́run wọn wà nínú orúkọ ẹ̀, bí a ṣe ń fi Ògún tàbí Ifá síwájú orúkọ ọmọ, Hannibal túmọ̀ sí oore Baal, Barca sì ni mànàmáná. Nígbà tí bàbá ẹ̀ ń lọ Sípéènì ní 237 láti lọ wá fàdákà àti ṣọ́jà tuntun, Hannibal jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó ní òun á tẹ̀ lé e. Bàbá mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń rúbọ, ó ní kó gbọ́wọ́ lé ẹbọ, kó búra pé òun ò ní ṣọ̀rẹ́ Róòmù láéláé. Hannibal fúnra ẹ̀ ló sọ ìtàn yìí fún Antiochus, ọba Síríà, nígbà tó dàgbà.

Bàbá ẹ̀ kú, àna wọn Hasdrubal gbapò, òun ló tẹ ìlú tó ń jẹ́ Cartagena lónìí dó, wọ́n pa òun náà ní 221. Àwọn ṣọ́jà wá fi Hannibal jẹ ọ̀gá, ọmọ ọdún 26. Ní 219 ó ká Saguntum tí í ṣe ọ̀rẹ́ Róòmù mọ́, oṣù mẹ́jọ ló fi gbà á. Ogun dé nìyẹn.

Ṣé èèyàn dúdú ni Hannibal?

Ìbéèrè tí ẹ bi mí jù lọ nìyí, ẹ jẹ́ kí n dáhùn bó ṣe wà. Àtọmọdọ́mọ àwọn Fòníṣíà ni ìdílé ẹ̀, àwọn Fòníṣíà Carthage sì ti ń fẹ́ ọmọ Líbíà, àwọn tí a mọ̀ sí Amazigh, fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí wọ́n tó bí i. Ère orí tí ẹ ń rí kiri, ẹ má fi búra. Lára ọmọ ogun ẹ̀ sì nìyí, onírúurú àwọ̀, onírúurú èdè.

Pé ọmọ Áfíríkà ni, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn, ìlú Áfíríkà ló bí i, ìlú yẹn ló jà fún. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló kúrò níbẹ̀, ó ti lé ní 40 kó tó tún fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà. Ìyẹn máa ń dùn mí nígbàkígbà tí mo bá rántí.

Erin mélòó ló gun òkè Alps, ṣé àwọn ló sì fi borí?

Erin 37 ni wọ́n ní ó kó sọdá odò Rhône. Erin Áfíríkà àríwá ni èyí tó pọ̀ jù, irú èyí tó kéré sí erin pápá, tí kò sí mọ́ láyé. Bíi ọjọ́ 15 ni wọ́n fi gba orí òkè yẹn kọjá nínú yìnyín, àwọn ará òkè ń ju òkúta lù wọ́n. Ní Rhône, wọ́n tó 46,000. Ìgbà tí wọ́n fi máa sọ̀ kalẹ̀ sí Ítálì, ó ku 20,000 tó ń fẹsẹ̀ rìn àti 6,000 tó ń gẹṣin, Hannibal fúnra ẹ̀ ló ní kí wọ́n fín iye yẹn sára idẹ, ibẹ̀ ni Polybius ti kà á.

Erin ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan o. Wọ́n jà ní Trebia ní December 218, lẹ́yìn náà òtútù pa gbogbo wọn tán àfi ẹyọ kan. Orí ẹyọ yẹn ni Hannibal wà nígbà tó ń gba inú ẹrẹ̀ odò Arno kọjá, tí ojú dídùn kan fi gba ojú ẹ̀ kan lọ. Trasimene àti Cannae tó lókìkí jù, kò sí erin kankan níbẹ̀. Ẹṣin ló ń bá a jà, pàápàá àwọn ọmọ Numidia tí wọ́n ń gẹṣin láìlo ìjánu.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Cannae?

2 August 216, gúúsù Ítálì. Róòmù kó 80,000 tó ń fẹsẹ̀ rìn àti 6,000 tó ń gẹṣin wá, irú ọmọ ogun tí wọn ò kó jọ rí. Ti Hannibal ò ju 40,000 àti ẹṣin 10,000 lọ. Ó to àwọn ará Gaul àti Sípéènì sáàárín, ó sì jẹ́ kí ibẹ̀ yọ síwájú bí ikùn. Àwọn ará Líbíà tó gbóná jù, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló fi wọ́n sí, ó ní kí wọ́n dúró.

Róòmù tì, àárín ń lọ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, inú wọn ń dùn pé ọ̀tá ti ń sá, bí wọ́n ṣe ń wọ inú ẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fún pọ̀ mọ́ra débi pé wọn ò rí ibi gbé apá sókè. Ìgbà yẹn làwọn ará Líbíà yíjú sí wọn lọ́tùn-ún lósì. Àwọn ẹlẹ́ṣin Hannibal ti lé ẹlẹ́ṣin Róòmù lọ, wọ́n padà wá dí ẹ̀yìn. Ọ̀nà tì. Livy, òpìtàn Róòmù, ní ó lé ní 45,000 tó kú, Polybius ní 70,000, èyí tí ẹ bá gbà nínú ẹ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Ọgọ́rin sẹ́nétọ̀ wà nínú òkú. Mago àbúrò Hannibal kó òrùka wúrà tí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ òkú àwọn gbajúmọ̀ lọ Carthage, ó dà á sílẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ ìlú.

Kò sí ilé ẹ̀kọ́ ológun tí wọn kì í kọ́ ìjà yìí títí dòní. Èmi ò lè kà á kí n má ronú nípa àwọn ọmọ ọdún 18, 19 tó wà láàrin, tí wọn ò rí ọ̀tá, tí wọn ò lè gbé apá, tí wọ́n kàn ń dúró de ìgbà tí ọ̀bẹ máa kàn wọ́n.

Kí ló dé tí Hannibal ò wọ Róòmù lẹ́yìn Cannae?

Maharbal, ọ̀gá ẹlẹ́ṣin ẹ̀, ni wọ́n ló sọ fún un pé o mọ bí wọ́n ṣe ń borí, o ò mọ ohun tí wọ́n ń fi ìborí ṣe. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí, ó sì jẹ́ kí gbogbo èèyàn rò pé Hannibal sùn lójú ogun.

Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Láti Cannae dé Róòmù lé ní 300 kìlómítà. Róòmù ní odi ńlá, Hannibal ò sì ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ́ odi, Saguntum tó kéré jù ú lọ gba oṣù mẹ́jọ lọ́wọ́ ẹ̀. Ohun tó ń lépa gan-an ni kí àwọn ìlú Ítálì kọ Róòmù sílẹ̀, kí omi tán lẹ́yìn ẹja. Lóòótọ́ Capua yà, Syracuse yà, ọ̀pọ̀ ìlú gúúsù yà. Àmọ́ àárín Ítálì ò yà, ibẹ̀ sì ni ṣọ́jà ti ń wá.

Ibi tó ti ṣìrò ẹ̀ ni pé ó rò pé Róòmù á wá bẹ̀bẹ̀, torí bí gbogbo ìlú ayé ìgbà yẹn ṣe máa ń ṣe nìyẹn, tí wọ́n bá nà ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta o jókòó o sọ̀rọ̀. Ó rán ẹlẹ́wọ̀n mẹ́wàá lọ pé kí Róòmù wá ra àwọn èèyàn wọn padà, Sẹ́nétì ní àwọn ò rà. Wọ́n ra ẹrú 8,000, wọ́n sọ wọ́n di ṣọ́jà. Varro, ọ̀gágun tó kó wọn lọ kú tó sì sá àsálà, wọ́n jáde lọ pàdé ẹ̀ lẹ́nu ibodè, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ pé kò sọ̀rètí nù nípa ìlú. Ní Carthage, wọn ì bá ti kàn án mọ́gi.

Báwo ló ṣe wá fìdí rẹmi nígbà tí kò pàdánù ìjà ńlá kankan ní Ítálì?

Wọn ò bá a jà mọ́ ni. Fabius Maximus ti kọ́kọ́ dábàá ẹ̀ ní 217, kí wọ́n máa tẹ̀ lé e kiri, kí wọ́n máa dá oúnjẹ ẹ̀ dúró, kí wọ́n má ṣe dojú kọ ọ́. Wọ́n bú u nígbà yẹn, lẹ́yìn Cannae wọ́n rí i pé òótọ́ ló ń sọ. Wọ́n gba Syracuse padà ní 212, níbi tí ṣọ́jà kan ti pa Archimedes. Wọ́n gba Capua padà ní 211. Ní 207 Hasdrubal àbúrò Hannibal gba òkè Alps wá ràn án lọ́wọ́, wọ́n pa á létí odò Metaurus, Hannibal ò mọ̀ pé wọ́n ti pa àbúrò ẹ̀ àfìgbà tí wọ́n ju orí ẹ̀ síwájú àgọ́ rẹ̀.

Láàrin ìgbà yẹn, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Publius Cornelius Scipio ti lọ gba Sípéènì, ibi tí owó ti ń wá. Ní 204 ó kọjá sí Áfíríkà, Carthage ké gbàjarè pe Hannibal wálé. Wọ́n pàdé ní Zama ní 202. Hannibal ní erin 80, Scipio kàn la ọ̀nà sílẹ̀ láàrin ṣọ́jà ẹ̀, àwọn erin gba ibẹ̀ kọjá lọ. Ẹlẹ́ṣin Numidia tó ti máa ń wà lẹ́yìn Hannibal, ẹ̀yìn Scipio ló pọ̀ sí lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ló wá dí ẹ̀yìn ẹ̀ bí òun náà ṣe dí ẹ̀yìn Róòmù ní Cannae.

Owó ìtanràn di 10,000 tálẹ́ńtì fún ọdún 50, ọkọ̀ ogun mẹ́wàá péré, kò sí erin, wọn ò sì gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni jagun láìgbàṣẹ Róòmù.

Ṣé ọ̀dàlẹ̀ ni Masinissa ọba Numidia?

Ibi tí Carthage bá jókòó sí, á pè é bẹ́ẹ̀. Ó bá Carthage jà ní Sípéènì fún ọdún díẹ̀, ó sì yí padà sọ́dọ̀ Scipio nígbà tó rí ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè, kí ló jẹ Carthage? Ilẹ̀ àwọn baba ńlá ẹ̀ ni wọ́n ti ń gbà láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ọmọ ìlú ẹ̀ ni wọ́n ń fi jagun, nígbà tí Syphax, ọba Numidia míì, gba ìtẹ́ ẹ̀, ẹ̀yìn Syphax ni Carthage wà. Ó fẹ́ ìjọba tiẹ̀, ó sì rí i. Ohun tí kò rí ni pé Róòmù tó ń lò ó máa jókòó sórí ilẹ̀ yẹn lẹ́yìn ẹ̀.

Báwo ni Hannibal ṣe kú?

Ní 196 wọ́n yàn án ṣe sufet, ó gbógun ti àwọn olówó tó ń kówó ìlú jẹ, ó fi hàn pé Carthage lè san gbèsè láìfi owó orí ni mẹ̀kúnnù lára. Àwọn tó ká mọ́ ìdí àpò ló lọ sọ fún Róòmù pé ó ń dìtẹ̀. Ó sá lọ ní 195, láti ọ̀dọ̀ ọba kan dé òmíràn, títí wọ́n fi ká a mọ́lé ní Bithynia, ní Tọ́kì òde òní, ní nǹkan bí 183. Ó gbé májèlé jẹ. Èèyàn ẹ̀ ló kọ́kọ́ tà á o, kí Róòmù tó ká a mọ́.

Kí ni Carthage tún ṣe tí ogun kẹta fi wáyé?

Wọ́n là. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn nìyẹn. Ní 191, ọdún mẹ́wàá péré lẹ́yìn àdéhùn, wọ́n ní àwọn fẹ́ san gbogbo owó tó kù lẹ́ẹ̀kan, Róòmù kọ̀, torí gbèsè yẹn ni okùn tí wọ́n fi so wọ́n mọ́lẹ̀. Cato àgbà, sẹ́nétọ̀ Róòmù kan, lọ síbẹ̀ ṣèbẹ̀wò, ó rí ìlú tó kún fún èèyàn àti ọjà, ó padà wálé, ọ̀rọ̀ yòówù kó sọ ní Sẹ́nétì, ó máa ń fi kún un pé kí wọ́n pa Carthage run. Masinissa sì ń gé ilẹ̀ wọn díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n bá mú ẹjọ́ lọ Róòmù, Masinissa ni wọ́n ń dá láre. Nígbà tó sú wọn tí wọ́n jà padà, Róòmù ní wọ́n ti da àdéhùn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 149, ẹ kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Róòmù ní kí wọ́n fi 300 ọmọ àwọn gbajúmọ̀ dógò, wọ́n kó wọn sílẹ̀, àwọn ìyá ń ké ní èbúté. Róòmù ní kí wọ́n kó gbogbo ohun ìjà wá, wọ́n kó o, ìhámọ́ra 200,000 àti ẹ̀rọ ìjukò 2,000. Ìgbà tí kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ wọn mọ́ ni wọ́n wá sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ìlú sílẹ̀, kí wọ́n lọ kọ́ òmíràn síbi tó jìnnà sí òkun tó bíi kìlómítà 15. Ẹni tó jẹ́ pé orí omi ló ti ń jẹun láti 600 ọdún.

Wọ́n ti ibodè. Wọ́n dá àwọn ẹrú sílẹ̀, inú ilé òrìṣà di ilé alágbẹ̀dẹ, tọ̀sán tòru, apata 100 àti idà 300 lójúmọ́, àwọn obìnrin gé irun orí wọn fún okùn ẹ̀rọ ìjukò. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi dúró. Scipio Aemilianus, ọmọ ọmọ Scipio àkọ́kọ́ nípa ìgbàtọ́, fi òkúta dí ẹnu èbúté, ebi wọlé. Ní 146 wọ́n wọ ìlú, ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi ń jà láti ilé dé ilé. Bíi 50,000 ló jáde wá túúbá, wọ́n tà wọ́n lẹ́rú. Hasdrubal míì tó jẹ́ olórí wọn nígbà yẹn túúbá, ìyàwó ẹ̀ dúró lórí òrùlé ilé òrìṣà tó ń jó, ó bú u, ó sì kó àwọn ọmọ ẹ̀ wọná.

Àwọn òpìtàn ń pè é ní ogun. Tèmi ni pé ìpànìyàn ni, wọ́n kàn ní kí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa kọ́kọ́ kó ọ̀bẹ ẹ̀ wá.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n da iyọ̀ sílẹ̀ ibẹ̀ kí nǹkan kan má baà hù mọ́?

Irọ́ ni. Kò sí òǹkọ̀wé ayé àtijọ́ kankan tó sọ ọ́, ayé òde òní ni wọ́n fi kún un. Iyọ̀ tí ẹ ń rántí, ti Ábímélékì ni, ní Ṣékémù, Àwọn Onídàájọ́ 9:45. Àti pé ilẹ̀ yẹn dára ju kí Róòmù bà á jẹ́ lọ, wọ́n kó ọkà jẹ níbẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Julius Caesar àti Augustus tún ìlú náà kọ́, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn ìlú tó tóbi jù lábẹ́ Róòmù, ibẹ̀ ni Tertullian àti Cyprian, àwọn òǹkọ̀wé Kristẹni, ti ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni Augustine ti kàwé.

Ṣé wọ́n ń fi ọmọ rúbọ lóòótọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí le. Ní 1921, ayé ìsinsìnyí, wọ́n rí ibi ìsìnkú kan ní Carthage tó kún fún ìkòkò kéékèèké, eegun ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ti sun ló wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀, eegun ọ̀dọ́ àgùntàn tàbí ewúrẹ́ wà nínú òmíràn, òkúta tó wà lórí ẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Tanit àti Baal Hammon, òrìṣà wọn, pé wọ́n gbọ́ àdúrà. Àwọn onímọ̀ kan ní àwọn ọmọ tó kú fúnra wọn ni, àwọn míì ní ẹbọ ni. Èmi rò pé ẹbọ wà nínú ẹ̀, ọ̀rọ̀ ara òkúta yẹn jọ ẹ̀jẹ́ tí wọ́n san.

Ohun tí mi ò gbà ni kí wọ́n máa fi ìyẹn dá ìparun wọn láre. Lẹ́yìn Cannae, Róòmù náà sin èèyàn mẹ́rin lóòyè láàrin ọjà, ará Gaul méjì, ará Gíríìsì méjì, Livy ọmọ Róòmù ló kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí ló dé tí a ò ní ìtàn tí Carthage kọ fúnra wọn?

Wọ́n kọ̀wé o. Wọ́n ní ilé ìkówèésí. Nígbà tí ìlú ṣubú, Sẹ́nétì kó àwọn ìwé yẹn fún àwọn ọba kéékèèké Áfíríkà, kò sì sí èyí tó dé ọwọ́ wa. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n dìídì mú, ìwé 28 tí Mago míì, kì í ṣe àbúrò Hannibal, kọ lórí iṣẹ́ àgbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń gbin àjàrà, bí wọ́n ṣe ń ra màlúù, wọ́n ní kí wọ́n túmọ̀ ẹ̀ sí Látìn. Òun náà ti sọnù báyìí, àfi ìwọ̀nba tí àwọn míì yá lò nínú ìwé tiwọn. Torí náà nígbàkígbà tí ẹ bá kà pé àwọn ará Carthage jẹ́ òpùrọ́, ìkà, ojúkòkòrò, ẹ wo ẹni tó kọ ọ́.

Mo gbọ́ pé 1985 ni ogun yẹn tó parí. Báwo?

Bẹ́ẹ̀ ni, ayé ìsinsìnyí. Wọn ò buwọ́ lu àdéhùn kankan ní 146, torí kò sẹ́ni tó kù tí wọ́n máa bá ṣe é. Ní February 1985, olórí ìlú Róòmù, Ugo Vetere, lọ sí Carthage, òun àti Chedly Klibi tó jẹ́ olórí ìlú ibẹ̀ jọ buwọ́ lu ìwé àlàáfíà. Ọdún 2,130 lẹ́yìn tí iná ti kú. Ilé àwọn èèyàn ló yí àwókù ká níbẹ̀ báyìí, èbúté roboto tí mo sọ yẹn ṣì wà, omi wà nínú ẹ̀, ó ti kéré, àwọn ọmọdé àdúgbò máa ń pẹja níbẹ̀.